A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ta ló jẹ̀bi nígbà tí nọ́ọ̀sì bá tẹ ibi tí kò yẹ lórí kọ̀ǹpútà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní nọ́ọ̀sì ni, torí ìka rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ta ló yàwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà? Ṣé ó sì bi nọ́ọ̀sì léèrè kó tó yà á?

Ní yunifásítì Manchester níbí, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Baby jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Tom Kilburn, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ ọ, ló kọ iṣẹ́ náà. Nígbà yẹn, ẹni tó kọ́ ọ ló ń lò ó. Tó bá ṣòroó lò, òun náà ló ń jìyà rẹ̀. Lónìí, ẹni tó kọ́ ọ wà ní ọ́fíìsì, àwa tó ń lò ó wà ní wọ́ọ̀dù, a ò sì mọra.

Ẹ wo Therac-25, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún alárùn jẹjẹrẹ ní ìtànṣán. Láàárín 1985 sí 1987, ó fún èèyàn mẹ́fà ní ìtànṣán àpọ̀jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan nínú wọn kú. Àṣìṣe wà nínú ètò rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ní Texas lọ́dún 1986, àlàyé àṣìṣe tó kọ sójú kò ju “Malfunction 54” lọ. Kí lẹni tó ń lò ó fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ̀rọ tó máa ń ráhùn ní gbogbo ìgbà ni, ló bá ní kó máa báṣẹ́ lọ.

Ìgbà tí nǹkan ṣì wà lórí bébà ló yẹ ká ti pe olórí. Ẹ ya ojú kọ̀ǹpútà náà sórí bébà, ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ ní kó ṣe bí ẹni fẹ́ fún aláìsàn lóògùn. Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ibi tọ́wọ́ rẹ̀ ti ń ṣìnà. Àtúnṣe ìgbà yẹn ò ju ká pa ìlà kan rẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, training ni wọ́n á pè wá sí, kára wa lè mọ́ àṣìṣe wọn.

Wọ́n á ní kò sówó, kò sáyè. Gbèsè yẹn ò parẹ́ o. Ọrùn aláìsàn ni wọ́n gbé e kọ́. Wọ́n á tún ní nọ́ọ̀sì ò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, olórí ò mọ abẹ lò bí onígbàjámọ̀, àmọ́ òun ló mọ ibi tí egbò wà lórí ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà nídìí tech, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó mú abẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá pè yín, ẹ má sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ lọ.