KÍRÓṢÉ, ÀTI Ọ̀YÀ ỌWỌ́ TÍ Ó HUN ÚN



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin inú ìjọ ń bi ara wọn, tí ó sì yẹ kí àwa àgbà bá wọn gbé yẹ̀ wò. Òun ni èyí: bí a bá lè ra aṣọ ní ọjà ní owó pọ́ọ́kú, ó ha tọ́ kí ènìyàn jókòó ti òwú àti abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa fi ọwọ́ hun irú aṣọ kan náà? Àwọn kan wí pé àkókò ni a fi ń ṣòfò. Àwọn mìíràn wí pé ìwà rere ni. Àwa rò pé ìbéèrè náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òmíràn tí ó wúwo jù ú wà lẹ́yìn rẹ̀: kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀wù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù bá ti lọ tí oòrùn sì ń mú, àwọn obìnrin a máa wọ ẹ̀wù òkè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a fi òwú hun ní kíróṣé, tí ihò wà lára rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń hun ún fúnra wọn. Iṣẹ́ náà kò sì ṣàjèjì sí wa nílé. Ta ni kò mọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá ń hun sílẹ̀ kí ìkókó tó dé?

Ẹni tí yóò hun ẹ̀wù yìí kò nílò ju abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Yóò ta òwú ní ojóbó, yóò fa ojóbó mìíràn gba inú rẹ̀ jáde, títí ẹ̀wọ̀n òwú náà yóò fi gùn tó ìbú ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Lórí ẹ̀wọ̀n yìí ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀, ìlà kan lórí òmíràn, títí iwájú àti ẹ̀yìn yóò fi pé, kí ó tó so wọ́n pọ̀ ní èjìká àti ní ìhà. Bí ó bá ṣe àṣìṣe ní ìlà kẹwàá, tí kò sì rí i títí di ìlà ogún, àfi kí ó fa òwú náà tú padà dé ibi tí àṣìṣe gbé wà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀wù kan fún àgbàlagbà lè gba òwú gíráàmù 300 sí 400, ó sì lè gba wákàtí 25 lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. William Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní ọdún 1589, láti ìgbà náà sì ni ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun aṣọ. Ṣùgbọ́n kíróṣé kò tíì bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ a máa hun ohun tí ó jọ ọ́ lójú. Ojúlówó rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, bí a bá rí ojúlówó ẹ̀wù kíróṣé ní ilé ìtajà, kí ó dá wa lójú pé ẹnì kan jókòó níbì kan, ó sì fa ojóbó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òfin Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ pé ọ̀yà ẹni tí ó ti pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ dín ní pọ́n-ùn 12 àti pẹ́nsì 21 fún wákàtí kan. Ní ìwọ̀n yìí, wákàtí 25 jẹ́ pọ́n-ùn 305 àti pẹ́nsì 25, a kò sì tíì ka owó òwú mọ́ ọn. Bí a bá wá rí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ tí a fi pọ́n-ùn 30 dá lé, tí oníṣòwò, ọlọ́kọ̀ àti olùtajà sì ti yọ tiwọn nínú rẹ̀, èló ni ó kù fún ẹni tí ó hun ún? Òtítọ́ ni pé oúnjẹ àti ilé kò wọ́n bákan náà ní gbogbo ilẹ̀, àwa kò sì wí pé kí ọ̀yà gbogbo ayé dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí a pín in tó, ìṣirò náà kò lè dára fún obìnrin náà.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé, "Bí ẹ kò bá rà á, ebi ni yóò pa á. Díẹ̀ sàn ju òfo lọ." Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní ọdún 1845 àrùn bẹ̀rẹ̀ sí ba ànàmọ́ òyìnbó jẹ́ ní ilẹ̀ Áyálándì, ìyàn ńlá sì mú, tí ó pa nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn. Ní àkókò náà àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Àgùdà ní Blackrock, lẹ́bàá Cork, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíróṣé. Ní ìlú Clones, ní ọdún 1847, Cassandra Hand, aya àlùfáà ìjọ tiwa níbẹ̀, mú iṣẹ́ kan náà wọ àárín àwọn tálákà, kí wọ́n lè fi òwú àti abẹ́rẹ́ rí oúnjẹ òòjọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe irú ìdì kan ní ìdì Clones títí di òní. Òwú àti abẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà a kò lè wí pé ó burú láti ra iṣẹ́ ọwọ́ tálákà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó mú iṣẹ́ wá fún ẹni tí ebi ń pa nítorí kí ó lè yè, aládùúgbò rere ni. Ẹni tí ó wá ibi tí ebi gbé pọ̀ kiri nítorí kí ó lè san díẹ̀, ebi ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó sọ di ọjà. Pé òṣìṣẹ́ gbà kò sọ ọ̀yà di ẹ̀tọ́, nítorí ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn yóò gba ohunkóhun. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza ní ilẹ̀ Bangladesh, níbi tí a ti ń rán aṣọ fún ọjà òkèèrè, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. A ti rí i ní ọjọ́ tí ó ṣáájú pé ògiri ilé náà sán, síbẹ̀ a pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé. Ta ni yóò wí pé ìfẹ́ inú wọn ni?

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹni tí ó bá ní agbára láti san owó tí ó tọ́, kí ó san án, kí ó má sì ná ọjà iṣẹ́ ọwọ́ títí yóò fi gba èrè lẹ́nu ẹni tí ó ṣe é. Èyí kan àwọn tí ń ránṣọ tí wọ́n sì ń hunṣọ ní àárín wa pẹ̀lú, tí a máa ń bẹ̀ ní orúkọ ìjọ pé kí wọ́n gba ìdajì owó. Èkejì, kí a má ṣe dá tálákà tí ó ra aṣọ pọ́ọ́kú lẹ́bi. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni ó rà, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ parẹ́ ní ilé ìwé. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun fìlà kan ṣoṣo, tí ó sì tú u lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gún, kò ní wí mọ́ láé pé, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

Níhìn-ín ni a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Wákàtí 25 tí ọ̀dọ́mọbìnrin fi hun ẹ̀wù fún ara rẹ̀ kò ṣòfò, bí kò bá fi ojúṣe ilé àti ti ìjọ sílẹ̀, tí kò sì fi í gbéraga sí ẹni tí ń rà. Ó jèrè ẹ̀wù. Ó sì mọ ohun tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ń ná an. Dọ́káàsì ti Jọ́pà dá ẹ̀wù fún àwọn opó, nígbà tí ó sì kú, ẹ̀wù wọ̀nyí ni wọ́n kó han Pétérù pẹ̀lú omijé. Olúwa wa pàápàá wọ ẹ̀wù tí kò ní ojú ìrán, tí a hun láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì rí i pé kò yẹ ní yíya. Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ ẹni tí ó hun ún fún wa. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Ó sì mọ àwọn tí ó hun tiwa. Kí Ó fún wa ní ọkàn tí yóò máa bèèrè wọn. Àmín.