Ta Ni Yóò Ru Gbèsè Yìí?

Ọmọbìnrin wa kan ní Ìkòtún rí àyè kọ́ iṣẹ́ dókítà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ yá owó èlé. Mo ní rárá: Ọlọ́hun ṣe èlé léèwọ̀, Suratul-Baqarah, aya 275. Láti ọdún 2024, àjọ NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé. Ó di ọdún 2 lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe ọrẹ. Ànábì wa kò kírun sí òkú onígbèsè kan lára títí Abu Qatada fi gba gbèsè náà rù. Ẹ̀yin tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Alimosho, ta ni Abu Qatada tiwa? Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe é. Àmín.