Ìgbàgbọ́ tí ó kọ́kọ́ wà nínú Ìyá Àgbà

Bíbélì kíkà: Tímótíù Kejì 1:5, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42



Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bíbélì dárúkọ Loisi. Kò sọ iye ọdún tí ó lò láyé, kò sì sọ irú òkú tí wọ́n ṣe fún un. Ohun tí Pọ́ọ̀lù rántí ni pé ìgbàgbọ́ tí kò lẹ́tàn tí ó wà nínú Tímótíù, inú ìyá ńlá rẹ̀ yìí ni ó ti kọ́kọ́ gbé, kí ó tó dé inú Eunike ìyá rẹ̀. Ará Gíríìkì ni baba ọmọ náà. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n fi Ìwé Mímọ́ sí i lẹ́nu láti kékeré.

Màmá tèmi kò mọ ìwé. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti ń gbé ìkòkò ka iná, bí wọ́n bá sì ti ń dì í sínú ewé eéran ni wọ́n ń gbàdúrà. Ewé kan, orúkọ ọmọ kan. Wọn á kọ́kọ́ kì í, wọn á wá fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ dé, ewé kò tó mọ́. Wọn á dì í tán, wọn ò ní tíì dárúkọ gbogbo wa tán. Orí ẹní ni mo máa ń wà tí mo máa ń gbọ́ ọ, n óò sì tún sùn.

Ní ọdún kẹwàá tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa, a ṣe ìrántí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ. (Aṣọ ẹbí kò burú o, mo rà á, mo sì rán an dáadáa.) Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ àbúrò mi, tí ó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún nígbà tí Màmá kú, wá bá mi lábẹ́ àgọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, oríkì tí Ìyá Àgbà máa ń kì mí kí wọ́n tó gbàdúrà fún mi, báwo ni wọ́n ṣe máa ń kì í?”

Mo la ẹnu, mo kì í díẹ̀, ó tán. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àkọ́sórí!

Ẹ wo àwọn opó Jópà. Wọ́n dúró ti Pétérù, wọ́n ń sọkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù hàn án. Dọ́káàsì ni ó rán àwọn ẹ̀wù yẹn. Aṣọ tí àwa wọ̀ ní ọjọ́ náà, àwa ni a rà á fún ara wa.

Susanna Wesley bí ọmọ 19. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré, owó kò sì sí nílé. Síbẹ̀ ó ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn méjèèjì nìkan jókòó sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní 1732, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún fún òun ní díẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ọmọ 25 ọdún! Ní 1742 ni ìyá náà kú. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìrántí. Ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún Ọlọ́run nípa yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ìyá àgbà, ẹ gbé ohùn yín sókè díẹ̀ ní òwúrọ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́.

Mo ti ra ìwé kan. Mo ti tọ àwọn àbúrò mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ èyí tí ó rántí. Ẹnìkan mú ìlà méjì wá, òmíràn mú ẹyọ kan. Ojú ìwé kan àbọ̀ ni a rí kọ fún ọmọ náà. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, bóyá ẹnìkan ṣì máa rántí.