Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn wá sí Benin kì í ṣe ọ̀nà àjèjì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń jọ́sìn ní èdè Yorùbá ní Sapele Road yìí. Òun ni a ń gbà lọ sílé nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde. Òun ni àwọn ọlọ́jà wa ń gbà kó ẹrù. Òun náà sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà nígbà tí wọ́n bá gbé e kúrò ní ibùdó iṣẹ́ kan sí òmíràn. A mọ Ifẹ̀ àti Iléṣà, a mọ Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, a sì mọ àwọn abúlé kéékèèké tí ó wà láàárín wọn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń sáré tẹ̀lé mọ́tò pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Ní ilẹ̀ yìí, níbì kan tí a kò mọ̀ títí di òní, ni wọ́n ti tọ́ ọmọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi kọ ìwé yìí.

Ní ọjọ́ 21 oṣù September, ọdún 2001, a rí òkú ọmọ náà lójú omi Thames ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ ọsàn ni ó wà lára rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 4 sí 7 lọ. Àwọn ọlọ́pàá retí kí ìyá kan tàbí bàbá kan wá sọ pé ọmọ òun sọnù. Kò sí ẹni tí ó wá. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sọ ọ́ lórúkọ. Adam ni wọ́n pè é.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá jẹ́ ohun ìyanu, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Gbogbo ohun tí a ń jẹ, láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń wá, ara àpáta sì ni ilẹ̀ ti wá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní strontium ń kúrò lára àpáta bọ́ sínú erùpẹ̀. Láti inú erùpẹ̀ ó ń bọ́ sínú iṣu, ẹ̀fọ́ àti omi. Láti ibẹ̀ ni ó ń wọ inú egungun ẹni tí ó jẹ wọ́n. Nítorí náà, bí àpáta ilẹ̀ kan ṣe rí, egungun àwọn tí a bọ́ níbẹ̀ yóò gbé àmì rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ egungun ọmọ yìí wò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ àpáta ògbólógbòó, irú èyí tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ó bọ́ ọ. Àwọn ọlọ́pàá wá sí Nàìjíríà, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n ṣa òkúta, wọ́n sì ra ẹran ìgbẹ́ ní ọjà kí wọ́n lè fi wé e. Ibi tí ìwádìí náà já sí ni ilẹ̀ tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin. Ìyẹ̀fun òdòdó tí atẹ́gùn ń gbé kiri, tí wọ́n rí nínú ìfun rẹ̀, sì fi hàn pé kò tíì pẹ́ tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi pa á. Ẹ rò ó wò, ará. Iṣu tí ọmọ náà jẹ nílé jẹ́rìí fún un, nígbà tí kò sí ènìyàn tí ó jẹ́rìí.

Ní ọdún 2002, Nelson Mandela fúnra rẹ̀ bẹ ìdílé yòówù tí ó bá ń wá ọmọ bẹ́ẹ̀, kódà bí ó jẹ́ ní abúlé tí ó jìnnà jù, pé kí wọ́n jáde wá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n mú ènìyàn 21 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2004, wọ́n rán ọkùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n fún kíkó ènìyàn wọ ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ikú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà obìnrin kan dárúkọ kan fún ọmọ yìí, ó tún padà wá dárúkọ mìíràn. Kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ kankan tíì dá lẹ́bi pé ó pa á. Ní ọdún 2006, wọ́n sin ín ní Lọ́ńdọ̀nù, sínú ibojì tí wọn kò kọ orúkọ sí.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀ràn Lọ́ńdọ̀nù ni èyí. Àwọn mìíràn nínú wa ní ọ̀ràn àwọn ará Benin ni, pé àlejò ni àwa Yorùbá ní ìlú yìí. Ọmọ Benin náà sì lè fèsì pé apá Ìbàdàn ni ọmọ ọ̀hún ti wá. Báyìí ni òkú ọmọ kan ṣe wà láàárín ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń nàka sí èkejì.

Òfin Mósè ti rí irú ọ̀ràn yìí tẹ́lẹ̀. Kí olùkàwé mi ṣí ìwé Deuteronomi, orí 21, kí ó ka ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ìṣáájú. Níbẹ̀ a kà nípa òkú tí a rí nínú pápá, tí a kò mọ ẹni tí ó pa á. Àwọn àgbàgbà àti àwọn onídàájọ́ ní láti jáde, kí wọ́n wọn ilẹ̀ láti ibi òkú náà dé àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ìlú tí ó bá súnmọ́ ọn jù lọ, àwọn àgbà rẹ̀ ni yóò mú ẹgbọrọ màlúù lọ sí àfonífojì, wọn yóò wẹ ọwọ́ wọn, wọn yóò sì sọ ní gbangba pé àwọn kọ́ ni ó ta ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, ojú àwọn kò sì rí i. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni okùn ìwọ̀n yẹn. Ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kan ìlú náà. Wọn kò dá ènìyàn, wọn kò dá ẹ̀yà. Wọ́n wọn ilẹ̀, ẹni tí ó súnmọ́ ọn sì dìde láti dáhùn.

Àwọn olùkọ́ Júù ìgbàanì bi ara wọn léèrè nínú ìwé Mishnah pé, ta ni ó tilẹ̀ rò pé àwọn àgbàgbà ni apànìyàn, tí wọ́n fi ní láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wọn dára púpọ̀. Wọ́n ní ohun tí àwọn àgbàgbà ń sọ ni pé, àlejò yìí kò wá sọ́dọ̀ àwọn kí àwọn jẹ́ kí ó lọ láìjẹun, àwọn kò sì rí i kí àwọn fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò sìn ín sọ́nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ ọwọ́ rẹ̀ ní àfonífojì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ilé rẹ̀. Pílátù náà bu omi, ó wẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó ti mọ̀ kí ó tó bu omi náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ṣe ń rí ní abúlé wa nígbà tí ènìyàn bá sọnù. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ilé á tan iná wọ inú igbó. Ní ọjọ́ kẹta, a ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, bí a bá tilẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àlàyé á ti dé: iwin ni ó gbé e lọ, tàbí àwọn àgbà ni ó mú un, tàbí ó ti sá lọ sí Èkó. Mo ti ro àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí títí, mo sì rí i pé wọ́n jọra ní ibì kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí ẹnikẹ́ni wá sọ ohun tí ó rí.

Àlàyé tí a kò wádìí tún lè pa ènìyàn. Àwọn Ẹ́fíìkì ní ẹ̀wà olóró kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ní Calabar àtijọ́, bí ẹnìkan bá kú ikú tí a kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á fún àwọn tí wọ́n fura sí ní ẹ̀wà yìí jẹ. Ẹni tí ó bá bì í jáde, aláìṣẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kú, òun ni òṣìkà. Àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà bá àṣà yìí jà gidigidi. Ẹ̀wà yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ rí nínú ìfun Adam.

Ó kan àwa Yorùbá pẹ̀lú. Bí ìwádìí náà ti ń lọ, wọ́n rí àbẹ́là méje tí wọ́n ti jó dé ìdajì létí omi Thames, tí a fi aṣọ funfun wé, orúkọ Yorùbá sì wà lára aṣọ náà. Ta ni kò ní fura? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tẹ̀lé orúkọ náà, wọ́n bá ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ní New York, láàyè. Àwọn òbí rẹ̀ ni ó gbàdúrà ọpẹ́ pé ọmọ wọn kò sí lára àwọn tí ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù September. Ká ní inú ìgboro wa níhìn-ín ni, ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn ìbá ti ṣe fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun kan.

Nítorí náà, ìbéèrè ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ní oṣù March ọdún 2014, ní Sókà ní ìlú Ìbàdàn, ibùba àwọn agbénipa kan tú síta. Wọ́n bá àwọn ènìyàn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n sì bá agbárí àti egungun àwọn tí ó ti kú. Àwọn ọlọ́kadà tí ń wá ẹgbẹ́ wọn tí kò padà ni ó rí ibẹ̀. Wọn kì í ṣe àgbàgbà, wọn kì í ṣe onídàájọ́. Wọ́n mọ iye ara wọn, nígbà tí iye náà sì dín, wọ́n jáde.

Ṣé àwa mọ iye àwọn ọmọ tí ó wà láàárín wa? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí pé inú àṣà wa tí ó dára ni ewu náà fara pamọ́ sí. Ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jẹ́ akọ̀wé àti ọlọ́jà lónìí, ilé àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ni a ti jẹun, tí a sì ti lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ni ó ń wò ó. Ìyá tí ó wà ní abúlé á ní ó wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Àǹtí á ní ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò mú un lọ sí òkè òkun. Òfin ọdún 1992 ní kí a kọ orúkọ ọmọ yòówù tí a bá bí sínú ìwé ìjọba, síbẹ̀ ọmọ tí kò ní ìwé kankan pọ̀ ní àwọn abúlé tí mo dárúkọ ọ̀nà wọn lókè yìí.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ń wá ìdílé Adam, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé pé ọmọkùnrin dúdú mélòó, láti ọdún 4 sí 7, ni kò wá mọ́ láàárín July sí September ọdún 2001. Iye tí wọ́n kéde ní 2005 ni 300, àwọn ọmọ Áfíríkà sì ni 299 nínú wọn. Méjì péré ni wọ́n lè tọpasẹ̀ rẹ̀. N kò sọ pé a pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn lè ti padà sílé ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ sílé ni ìdáhùn tí ó wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ilé wo.

Ní ìlú wa níhìn-ín, ní oṣù March ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olórìṣà jọ sí ààfin, ó gégùn-ún fún àwọn tí ń kó ọmọ lọ tà, ó sì tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ lè ní èrò tiwa nípa èpè. Síbẹ̀ ọba náà jáde, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba bí àgbà ìlú tí okùn ìwọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ èmi tí mo kọ èyí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọmọkùnrin kan ń tẹ̀lé ìyá ọlọ́jà kan wá. Wọ́n ní láti abúlé kan lápá Ìfọ́n ni wọ́n ti mú un wá. Ó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó sì máa ń fi ohùn rara kọrin. Nígbà tí ó ṣe, n kò rí i mọ́. Mo béèrè, ìyá náà ní ó ti lọ sílé. Mo mú bírò, mo fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà ti kúrò ní Benin, nọ́ńbà fóònù tí mo ní kò lọ mọ́.

Bí mo ti ń kọ ìwé yìí ni mo wá ìwé-orúkọ náà jáde. Táíwò nìkan ni mo kọ síbẹ̀. N kò kọ orúkọ bàbá, n kò kọ orúkọ abúlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Táíwò, Kẹ́hìndé kan ní láti wà níbì kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa tí ń lọ ra iṣu ní Ìfọ́n ní ọjọ́ Sátidé ti gbà láti bá mi béèrè ní àwọn abúlé ibẹ̀, ilé wo ni wọ́n ti bí ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn wá sí Benin.