Ìbọn Tó Sùn, Tó Jí

Bí Bàbá Ọdẹ bá jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi ọdán ní Ìrẹsà, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń ta á. Tòsì máa ń wà lábẹ́ aṣọ. Bó bá gbàgbé tó yọ ọ́ síta láti fi gba ọmọ ayò, ọmọ ayò á gba àárín rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀, nítorí ìka méjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí ọmọdé àdúgbò wa tó jẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹranko kọ́ ló gé e jẹ. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ṣakabùlà ni ìbọn náà. Èèyàn lè ro ẹ̀tù sí i, kó fi ọta tẹ̀lé e, kó fi ọ̀pá kì í. Òkú igi ni gbogbo rẹ̀ àfi bí iná bá dé ibẹ̀. Ohun tó ń gbé iná náà wá ni fìlà bàbà kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Wọ́n á fi dé ṣóńṣó irin tó wà nídìí ìbọn. Apátí á lù ú, iná á sì ta wọ inú ẹ̀tù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ọdẹ dúró lé.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, fìlà tí Bàbá mọ̀, tó máa ń rà nínú agolo, wọ́n lọ́jà. Ọkùnrin kan gbé òmíràn wá. Inú ọ̀rá ló wé e sí. Kò ní agolo, kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ́ ni. Àkókò òjò sì ni. Bàbá rà á, ó kó o sápò, ó di igbó.

Òru ọjọ́ kejì ni iná orí rẹ̀ mú ojú ìgalà. Ó na ìbọn sí i, ó fà á. Ká! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgalà fò lọ. Inú bí Bàbá. Ó sọ ìdí ìbọn kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì kọjá ẹnu rẹ̀. Kò tíì tó ìgbà téèyàn lè tutọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ìbọn tó sùn fi jí.

Ọ̀rinrin ti ba fìlà yẹn jẹ́. Iná tó bí kò lágbára; ńṣe ló ń wọ́ lọ sínú ẹ̀tù bí iná abẹ́ eérú. Ìbọn ò kọ̀ rárá, ó pẹ́ ni. Àwọn àgbà ti béèrè tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Bàbá gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yìí sọ sí mi lọ́kàn lọ́dún 2021, nígbà tí àbúrò mi pè mí láti Texas. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin gbà kí èèyàn jókòó nínú ilé rẹ̀, kó máa to ọta ìbọn fúnra rẹ̀, kó lè rí èyí tó ń lọ tààrà. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò fàyè gba ẹni tí kò gbàṣẹ láti máa rọ ọta. Ohun tí wọ́n ń pè ní práímà, ife kékeré tó wà nídìí ọta, ọmọ ìyá fìlà bàbà ti Bàbá Ọdẹ ni. Ó sì wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà nígbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o! Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ tà á fún mi. Ó kún ìgò kan."

"Páálí rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí páálí. Ó ní ìkan náà ni gbogbo wọn."

Mo ní kó dúró ná. Mo sọ ìtàn ìka méjì fún un.

Iná kékeré yìí ti yí ayé padà rí. Pásítọ̀ kan ní Scotland, Alexander Forsyth, tó fẹ́ràn láti máa yìnbọn sí ẹyẹ, rí i pé iná òkúta ìbọn máa ń kọ́kọ́ kọ mànà, ẹyẹ á sì ti fò kí ọta tó dé. Ó wá oògùn tó ń gbiná bí wọ́n bá lù ú, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí lọ́dún 1807. Nígbà tó di 1866, Edward Boxer, ọ̀gá ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi iná náà sídìí ọta fún ìbọn Snider. Snider yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Kí ọmọ ogun Ìbàdàn tó kì ṣakabùlà rẹ̀ tán, ẹni tó mú Snider á ti yìn ún léraléra.

Ṣùgbọ́n iná kan kì í ṣe ìkan náà pẹ̀lú òmíràn. Práímà ńlá wà, kékeré wà. Ti ìbọn ìléwọ́ yàtọ̀ sí ti ìbọn gígùn. Àwọn kan wà tí iná wọn gbóná jù, tí wọ́n ń pè ní magnum. Bí èèyàn bá fi irú èyí rọ́pò tàná láìdín ẹ̀tù kù, agbára inú ìbọn lè kọjá ohun tí irin lè gbà. Bí iná ò bá sì dọ́gba, eré ọta ò ní dọ́gba: lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan á bà sókè, èkejì á bà sísàlẹ̀, ẹni tó yìn ín á máa bú ojú ara rẹ̀.

Ojú ife náà pẹ̀lú, òmíràn le, òmíràn rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1963 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìbọn M16, àwọn kan nínú rẹ̀ ń yìn fúnra wọn bí ọta ṣe ń wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó ń lu práímà ló wúwo jù fún un; ìgbà tí wọ́n dín ìwúwo abẹ́rẹ́ náà kù ló tó dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ti inú ìgò ló tún burú jù. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe práímà máa ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀ nínú páálí, nítorí bí wọ́n bá ń gbo ara wọn tí ọ̀kan bá gbiná, gbogbo wọn ló máa tẹ̀lé e. Ara páálí náà ni orúkọ, irú rẹ̀ àti nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n ṣe é wà. Ẹni tó bá sọ páálí nù ti sọ ojú rẹ̀ nù.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ́ ni o."

"Ọ̀pọ́ ni ti Bàbá náà."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò rà á mọ́. Oṣù mélòó kan ló fi dúró kó tó rí irú èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀.

Bàbá Ọdẹ kò fi igbó sílẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi tán. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ọdẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe bí ìbọn bá dún ká tí kò yìn. Ẹnu ìbọn á wà níbi tí kò sí èèyàn, ọwọ́ ò ní kọjá iwájú rẹ̀, wọ́n á sì máa ka oókan, eéjì, títí dé ọgọ́ta. Bí wọ́n bá ń kà á yára jù, Bàbá á yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ aṣọ, á gbé e síwájú wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan.