Kí Awo Ráútà Bá Ojú Tábìlì Dọ́gba

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó wá. Nínú ìsọ̀ káfíńtà, òwe yìí kì í ṣe àfisọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ ráútà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ pákó, ń yí láti ìgbà 10,000 títí dé 25,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí awo irin tí a so ó mọ́ lábẹ́ tábìlì bá ga díẹ̀ ju ojú tábìlì lọ, pákó tí à ń tì bọ̀ yóò kọsẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ tó ń tì í yóò sì fò síwájú, níbi tí bíìtì tó ń gbẹ́ pákó ti ń dúró dè é.

Ní Mọ́níyà àti káàkiri Akínyẹlé, káfíńtà lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì ráútà, kò dìgbà tó bá ra èyí tó ti òkè òkun dé. Ohun tó ń dùn mí ni ìkánjú. A ó fi tépù wọn awo, a ó fi ayùn lu ihò tán, kí a tó máa wá bí awo yóò ṣe jókòó. Àwọn agbẹ́gilére wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọnà lílé ló ń ṣáájú, alétúnlé a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dídán, kí wọ́n tó dé orí fínfín. Bí irú Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, tó di olóògbé ní 2009, ṣe bá iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí awo fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ gbé e lé tábìlì, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gún régé mẹ́rin há a mọ́, kí ẹ sì ki bébà kan sáàárín lápá kan, torí pákó a máa wú lásìkò òjò, irin kì í wú. (Èyí ni mo fi fẹ́ràn pláíwúùdù tó nípọn ju ojúlówó pákó lọ fún ojú tábìlì: kì í wú tó bẹ́ẹ̀.) Ẹ kan àwọn igi náà mọ́lẹ̀, kí ẹ yọ awo kúrò. Ẹ to awo àti àjákù igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà léra. Bí àwọn méjèèjì ṣe nípọn tó ni bíìtì yóò ṣe yọ síta tó. Bíìtì tó ní béárìn lókè ni kí ẹ lò, kí béárìn náà máa tọ ara igi. Ẹ má gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára. Ìgbà tí etí tí bíìtì gbẹ́ yìí bá ti wà ni a ó tó fi ayùn gé àárín kúrò, kí ó ku bíi mílímítà 12 yíká tí awo yóò jókòó lé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lu ihò ti gba ilẹ̀ tí ráútà ìbá dúró lé.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Epo tó ń jó nínú jẹnẹrétọ̀ ń ti èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò lára àjákù pákó. Bí igun awo bá mú ju ibi tí bíìtì yí sí, fáìlì la ó fi rẹ́ ẹ, kì í ṣe òòlù la ó fi gbá a wọlé.

Ráútà wúwo, tábìlì a sì máa tẹ̀ bọ́jọ́ bá ti ń lọ. Ẹ fi igi líle bí apá dè é lábẹ́. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀rọ yìí, nítorí náà òun ni kí ọ̀gá kọ́ ní àyẹ̀wò ìkẹyìn: kí ó yọ ráútà kúrò lára iná, kí ó ti pákó pẹlẹbẹ gba orí awo kọjá láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó bá ti kọ́, skúrù tó ń gbé awo sókè sódò ní igun ibẹ̀ ni kó padà sí.