Iṣẹ́ Yá, Ìsinmi Dà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí irinṣẹ́ tuntun bá sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di ti wákàtí kan, ta ló ni wákàtí kejì?

Ní ọdún 1930, John Maynard Keynes, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Ìlú Ọba, kọ̀wé pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ìlú tó ti lọ síwájú yóò lọ́rọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́jọ, iṣẹ́ wákàtí 15 lọ́sẹ̀ yóò sì tó ènìyàn. Ti ọrọ̀ ṣẹ. Ti wákàtí ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, òfin 1938 ló mú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ wá sí wákàtí 40 nígbà tó fi di 1940. Láti 1947 wá, ohun tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń mú jáde ní wákàtí kan ti ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Wákàtí 40 náà ló ṣì wà nínú òfin.

A kò ní purọ́ pé òṣìṣẹ́ kò rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí i gbà. Ní ilé iṣẹ́ òwú ti Ìlú Ọba, ẹ̀rọ ti ń sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin 1847 tó sọ pé obìnrin àti ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 10 lọ lóòjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jà fún un. Ẹ̀rọ kò fún wọn.

Ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ruth Schwartz Cowan, òpìtàn ará Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1983 pé nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ dé, alágbàfọ̀ lọ, ọmọ àti ọkọ yọwọ́, aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ sì pọ̀ sí i. Ìyá nìkan ló kù nídìí ẹ̀rọ. (Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ló ń lọ ata wa báyìí, ọlọ ti di ohun ìgbàgbé. Síbẹ̀ ta ló rí ìyá tó fi àkókò ọlọ jókòó?

Èmi ò dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ pínpín. Àwa là ń pín in. Àṣẹ ọjọ́ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù kò dúró dìgbà tí abà bá kún, kò sì fi í sílẹ̀ fún àánú ọ̀gá: ó dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀, ó dárúkọ ẹran ọ̀sìn pàápàá.

Nítorí náà, ará tó ní ilé ìtẹ̀wé, tí ẹ̀rọ tuntun ń bá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì ní ọjọ́ kan, aago mélòó ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń relé?